Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá fẹ́ sùn?

Àbúrò mi ọ̀wọ́n ní Ìbàdàn,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì kà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. O ní ọmọkùnrin rẹ ti pé ọdún méje, dókítà ti sọ fún yín pé ọ́tísíìmù ni, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọmọ mìíràn, kò tíì máa sọ̀rọ̀. Aago kan òru ló tó máa ń sùn, kí ó sì tó di aago mẹ́rin ó ti jí. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wálé. O ti ti ṣọ́ọ̀bù aṣọ rẹ pa. Níbi ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì kan, oorun gbé ọ lọ lórí àga, ìránṣẹ́ Ọlọ́run sì nawọ́ sí ọ lójú gbogbo ìjọ pé ọ̀tá ò sùn, ìyá ọmọ ń sùn. Ìbéèrè rẹ kò ju ẹyọ kan lọ: "Mà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá fẹ́ sùn?"

Rárá o. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà láàárín lẹ́tà rẹ tí mi ò lè fò kọjá. O ní nígbà mìíràn o máa ń jowú àwọn tó ti kú, torí pé àwọn ń sinmi. Àbúrò mi, wòlíì Èlíjà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú rẹ. Ó wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní, orí 19. Ọkùnrin tí iná ti ọ̀run sọ̀ kalẹ̀ nítorí àdúrà rẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì ló jókòó sábẹ́ igi nínú aginjù, tó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Olúwa gba ẹ̀mí òun. Wo ohun tí Ọlọ́run ṣe fún un. Kò ní kí ó gbààwẹ̀ sí i. Kò bá a wí. Èlíjà sùn, áńgẹ́lì sì fọwọ́ kàn án pé kí ó dìde jẹun: àkàrà tí wọ́n dín lórí ẹ̀yinná, àti ìgò omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún dùbúlẹ̀. Áńgẹ́lì náà tún padà wá lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Dìde, jẹun, nítorí tí ọ̀nà náà jìn fún ọ." Ọ̀run fúnra rẹ̀ ló sọ pé ọ̀nà náà jìn. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìgbàgbọ́ Èlíjà kéré. Ó tó ogójì ọjọ́ lẹ́yìn náà, lórí òkè Hórébù, kí Ọlọ́run tó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀.

Nítorí náà, lọ rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, dókítà tìrẹ, kì í ṣe ti ọmọ. Sọ gbólóhùn yẹn fún un gẹ́gẹ́ bí o ṣe kọ ọ́ sí mi. Ní kí wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ pẹ̀lú. Bí èrò náà bá sì ti kọjá owú jíjẹ, tó ń dé orí pé kí o ṣe ara rẹ tàbí ọmọ ní nǹkan, má dúró de ọjọ́ kankan. Kan ilẹ̀kùn aládùúgbò ní òru ọjọ́ náà, kí wọ́n gbé ọ dé ilé ìwòsàn. Ìyá tó lọ sí ilé ìwòsàn kò sẹ́ Jésù.

Ní ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ọ níbi ìṣọ́ òru, ṣí Ìhìnrere Máàkù orí 4. Ìjì ń jà, omi ti ń kún ọkọ̀, Jésù sì ń sùn lórí ìrọ̀rí ní ìdí ọkọ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn jí i, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ sọ ni pé, ṣé kò bìkítà bí àwọn ṣègbé ni? Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ìwọ náà nìyẹn: ẹni tó ń sùn kò bìkítà. Jésù dìde, ó bá ìjì wí. Kò tọrọ àforíjì fún ẹnikẹ́ni pé òun sùn. Bí ọ̀tá kì í bá sùn, Sáàmù 121 ti sọ Ẹni tí kì í tòògbé, tí kì í sì í sùn, kì í sì í ṣe ìwọ.

Mi ò kọ ìṣọ́ òru. Mo ti rí oore Ọlọ́run gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ òru ní ọjọ́ méjèèje nínú yàrá ọmọ rẹ̀, kí ni ó tún fẹ́ lọ ṣọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì? Sọ fún olùṣọ́ àgùntàn yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé o ò ní lè máa wá fún ìgbà díẹ̀. O ò nílò ìyọ̀ǹda rẹ̀.

O ní ìyá ọkọ rẹ sọ pé ọwọ́ rẹ ni ọ́tísíìmù ọmọ náà ti wá. Wọ́n ti sọ irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí, láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá: wọ́n ní ìyá tí kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ tó ló ń fa ọ́tísíìmù. Bernard Rimland, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá tí ọmọ tirẹ̀ náà ní ọ́tísíìmù, kọ̀wé ní 1964 láti já irọ́ náà. Ní 1977, ìwádìí lára àwọn ìbejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé àbímọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì bi Jésù pé ta ló dẹ́ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, ó ní kì í ṣe ọkùnrin náà, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Mo fẹ́ kí o gbé ẹ̀bi yẹn kalẹ̀, torí ẹni tó gbé e sórí kò ní lè sùn bí ibùsùn tilẹ̀ wà.

Ó yá, báwo ni oorun yóò ṣe wá? Àìrí oorun sùn wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù. Ìró ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò tí ìwọ ò gbọ́ mọ́ lè máa gún òun létí. Mú fóònù àti tẹlifíṣọ̀n kúrò níwájú rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú àkókò oorun, dín iná kù, wẹ̀ fún un, kí ohun gbogbo sì máa tẹ̀ lé ara wọn bákan náà lálaalẹ́. Bí kò bá tó, bi dókítà rẹ̀ léèrè, oògùn wà tí wọ́n lè yàn. Jọ̀ọ́, má fún un ní oògùn ikọ́ tàbí Piriton láti mú kí ó sùn, ohunkóhun tí onílé kẹ́mísìtì ìbáà wí. O ní ó máa ń sá jáde: kan ìdènà mọ́ òkè ilẹ̀kùn níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ò ti lè tó o, kí ọwọ́ tìrẹ sì lè tètè tó o bí iná bá sọ.

Alẹ́ Sátidé di ti bàbá rẹ̀ láti ìsinsìnyí. Ọkọ rẹ ní ọmọ náà kì í gbà fún òun. Yóò ké ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lóòótọ́. Jẹ́ kí ó ké lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Kọ ètò alẹ́ sórí páálí, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ìwọ sì lọ sùn ní ilé ẹlòmíràn, torí abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré.

Lẹ́yìn náà, mú obìnrin méjì nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ jù. Má sọ fún wọn pé kí wọ́n máa rántí rẹ nínú àdúrà, wọn yóò ṣe àmín, wọn yóò lọ sílé. Sọ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi jókòó ti ọmọ yìí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti aago méjì sí aago márùn-ún, kí n lè sùn." Ẹni mẹ́rin ló gbé arọ nì wá sọ́dọ̀ Jésù nínú Máàkù orí 2. O kọ̀wé pé bí ọmọ rẹ bá ti ń to ìdérí ìgò mínírà sí ẹnu ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Kí wọ́n kó ìdérí náà fún un. Kí wọ́n má dì í mú láti ẹ̀yìn, kí wọ́n má pariwo, bí ó bá di etí, kí wọ́n pa rédíò. Dùndú nìkan ló ń jẹ, dín in sílẹ̀. Kí ìwọ wá wọlé, kí o sùn. Má fọ àwo. Má ká aṣọ.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ tí ẹ ń kà á, irú obìnrin yìí wà ní ìjọ yín. Ẹ má gbé òróró lọ bá a mọ́. Ẹ lọ bá a jókòó ti ọmọ rẹ̀.

Àbúrò mi, kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí o bá ti rí dókítà, kí o sọ ohun tó wí fún mi, àti bí alẹ́ Sátidé àkọ́kọ́ ṣe rí fún bàbá àti ọmọ.