Kí ló dé táwọn àgbẹ̀ Punjab fi ń sun pòròpórò ìrẹsì, kí sì ni mo lè bá wọn sọ?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Punjab, lápá àríwá Íńdíà, abúlé kan lẹ́bàá Ludhiana ni mo ti ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì mi. Tó bá ti di ìparí Òkítóbà báyìí, èéfín á gba gbogbo ibẹ̀, ojú á máa ta èèyàn. Mo sọ fún bàbá àgbẹ̀ kan pé kí wọ́n má sun ún mọ́, wọ́n kàn mi orí ni. Kí ni mo lè sọ tó máa wúlò fún wọn?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè. Iṣẹ́ agronomist, ìyẹn onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn, ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ ìrẹsì àti àlìkámà ni mò ń bá kiri, jẹ́ n sọ ibi tí wàhálà yẹn wà fún ẹ: ọjọ́ ni ò tó. Bàbá yẹn mọ̀ pé èéfín ò dáa, imú àwọn ọmọ tiẹ̀ náà ló ń gbà wọlé.

Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn lásìkò òjò, tí wọ́n bá kórè ẹ̀ tán, àlìkámà ló kàn lórí ilẹ̀ kan náà, Épírì ni wọ́n sì ń kórè ìyẹn. Tí àlìkámà bá kọjá nǹkan bí àárín Nòfẹ́ńbà kó tó wọlẹ̀, ooru á ká a mọ́bi tí ò tíì gbó dáadáa, ohun tí wọ́n máa rí kó á dín kù. Tẹ́lẹ̀, láti oṣù Méè ni wọ́n ti ń gbin ìrẹsì, ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ gan-an, ni ìjọba Punjab bá ṣòfin ní 2009 pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kó ọmọ ìrẹsì lọ sóko kó tó di 10 Júùnù, kí òjò lè ti sún mọ́lé (wọ́n ti sún ọjọ́ yẹn síwá sẹ́yìn látìgbà náà). Òfin tó dáa ni, àmọ́ bí ìrẹsì ṣe pẹ́ wọlẹ̀ náà ló ṣe ń pẹ́ gbó, ohun tó wá kù láàárín ìkórè àti gbígbin àlìkámà lè má ju ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lọ.

Kọ̀mbáìn, ìyẹn ẹ̀rọ ìkórè ńlá, ló sì ń kórè. Dúró lẹ́yìn ẹ̀ lọ́jọ́ kan wàá rí i, ó gé orí ìrẹsì lọ, kùkùté dúró gbọn-in nílẹ̀, pòròpórò tó ń tú jáde nídìí ẹ̀ wá ń tò lọ gbọọrọ sórí oko. Òun ló ń há sẹ́nu ẹ̀rọ ìgbìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tanná ràn án kí oko lè tètè mọ́. Ẹran náà kì í fẹ́ jẹ ẹ́ torí silica, èròjà líle bíi ti yanrìn, pọ̀ nínú ẹ̀, ti àlìkámà ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́ fún ẹfọ̀n tí wọ́n ń fún wàrà ẹ̀, turi ni wọ́n ń pè é. Ti basmati, ìrẹsì olóòórùn dídùn, ṣeé fún ẹran ní tiẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sun ún.

Wàá ní kí ló dé tí wọn ò fi ìrẹsì sílẹ̀ gbin àgbàdo. Owó ni o. Ìjọba ń kéde iye tó yẹ kí wọ́n máa ra ọ̀pọ̀ nǹkan oko, ṣùgbọ́n ìrẹsì àti àlìkámà ló ń rà lọ́wọ́ wọn ní ti gidi: lọ́dún 2025, àlìkámà jẹ́ 2,425 rúpì fún 100 kílò, ìrẹsì 2,369. Iná mànàmáná tó ń fa omi sóko, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn arhtiya, ìyẹn alágbàtà inú ọjà, ló ń yá wọn lówó ajílẹ̀, owó ìrẹsì yẹn náà ni wọ́n fi ń san án.

Torí náà má lọ wàásù fún wọn mọ́. Ìbéèrè ni kó o gbé lọ, kó o sì lọ ní Sẹ̀tẹ́ńbà kí kọ̀mbáìn tó dé. Kọ́kọ́ bi wọ́n irú ìrẹsì tí wọ́n gbìn, torí PR 126 tí yunifásítì àgbẹ̀ Ludhiana mú jáde ń yára gbó ju Pusa 44 lọ ní nǹkan bí oṣù kan, oṣù kan yẹn kì í ṣe kékeré rárá. Lẹ́yìn náà bi wọ́n nípa Happy Seeder, ẹ̀rọ tó ń gbin àlìkámà sáàárín kùkùté láìsun nǹkan kan, ta ló ní in lábúlé, èló ni wọ́n ń háyà ẹ̀, ọjọ́ mélòó ni wọ́n ń dúró kó tó kàn wọ́n. Ó fẹ́ tráktọ̀ tó lágbára, àgbẹ̀ kékeré ò lè dá a rà, ṣùgbọ́n láti 2018 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń bá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ gbé tó ìdá 80 nínú 100 owó ẹ̀rọ báyìí, ẹnì kan ṣoṣo sì ń rí ìdá 50. Èyí lo lè bá wọn wádìí ẹ̀ tán, kó o bá wọn kọ fọ́ọ̀mù.

Kó o tún bi wọ́n bóyá ilẹ̀ tiwọn ni àbí wọ́n yá a ni, torí ẹni tó ń san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún ò ní fẹ́ fi àlìkámà tiẹ̀ dán ẹ̀rọ tí ò tíì rí wò, irú wọn ni kó o mú lọ sóko ẹni tó ti lò ó kí wọ́n fojú ara wọn rí i.