Kí ló dé tí sírọ́ọ̀pù páńkéèkì tí mo sè fi ń di wóró nínú fíríìjì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Páńkéèkì làwọn ọmọ mi ń jẹ láràárọ̀ Sátidé, owó ìgò sírọ́ọ̀pù tí à ń rà sì ti kúrò ní kékeré. Ni mo bá ní kí n máa sè é fúnra mi, ṣúgà àti omi. Nígbà àkọ́kọ́, ó ṣàn bí omi, páńkéèkì fà á mu, ó sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Nígbà kejì, mo sè é títí ó fi ki nínú ìkòkò. Ìgbà tó máa tutù, ó le bíi súùtì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dára, àmọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta nínú fíríìjì, wóró ṣúgà ti kún ìsàlẹ̀ ìgò. Kí ni mò ń ṣe tí kò tọ́? Mi ò ní tẹmómítà o. (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ìṣòro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: iye omi tó kù nínú ṣúgà nígbà tí ẹ pa iná ni. Nígbà àkọ́kọ́, omi pọ̀ jù. Nígbà kejì, omi ti gbẹ jù. Nígbà kẹta, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́, àmọ́ ẹ kò fi ohun tí kò ní jẹ́ kí ṣúgà padà dì sí i.

Ojú lẹ fi ń wọ̀n ọ́n, ojú kì í sì í sọ òtítọ́ nídìí sírọ́ọ̀pù. Sírọ́ọ̀pù tó ń hó lórí iná máa ń ṣàn wéréwéré. Ìgbà tó bá ń tutù ló ń ki. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó ki nínú ìkòkò kó tó sọ ọ́ kalẹ̀, súùtì ló sè.

Èyí tó yẹ páńkéèkì ni èyí tí ṣúgà kó nǹkan bí ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, tí omi kó èyí tó kù. Ibẹ̀ náà làwọn tó ń se omi igi maple ní Kánádà àti ní ìlà-oòrùn àríwá Amẹ́ríkà ti ń pa iná. Omi igi náà kò dùn tó bí èèyàn ṣe lè rò. Ṣúgà inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń se nǹkan bíi lítà 40 kó tó fún wọn ní lítà kan. Bí ṣúgà bá dín sí ìdá 60, sírọ́ọ̀pù á ṣàn, á sì tètè bu. Bó bá kọjá 75, á máa fà, á máa lẹ̀ mọ́ ṣíbí. Tó bá ti kọjá 90, ẹ ti mọ ohun tó ń dà.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ má bàa máa lé ohun tí ọwọ́ kò lè tó. Ọ̀pọ̀ sírọ́ọ̀pù páńkéèkì olówó pọ́ọ́kú tó wà nínú ìgò kò ní omi igi maple kankan nínú. Sírọ́ọ̀pù àgbàdo ni, pẹ̀lú àwọ̀, òórùn àtọwọ́dá, àti irú gọ́ọ̀mù kan tó ń mú kó ki. Gọ́ọ̀mù yẹn ló fi máa ń jókòó lórí páńkéèkì láìwọlé. Tilé kò ní ki tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ adùn rẹ̀ ju tìyẹn lọ.

Ohun tí ẹ máa lò nìyí: ṣúgà gíráàmù 500, omi mìlílítà 350, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí tíì kan, iyọ̀ bí orí ìka méjì ṣe lè mú un, àti fanílà ṣíbí tíì kan. Ẹ ó rí nǹkan bíi gíráàmù 750, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò sẹ́ńtílítà 60. Bí ẹ kò bá ní ìwọ̀n, ẹ mú ife kékeré kan: ṣúgà ife 5 tí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ, omi ife 3. Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn méjèèjì.

Ṣúgà funfun lásán kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Dídùn nìkan ló mọ̀. Bí ẹ bá rí ṣúgà pupa rà, ẹ lò ó fún ìdajì rẹ̀, ó ti tán. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ yan díẹ̀ nínú ṣúgà funfun yẹn fúnra yín. Ẹ da gíráàmù 100 (ife kan nínú márùn-ún) sínú ìkòkò tó jinlẹ̀, ẹ wọ́n ṣíbí ìjẹun omi méjì sí i nínú omi tí ẹ ti wọ̀n, kí ẹ gbé e ka iná tí kò le. Ẹ má fi ṣíbí kàn án, ẹ kàn máa mi ìkòkò. Yóò kọ́kọ́ hó funfun, yóò wá pọ́n bí oyin, lẹ́yìn náà bíi tíì tí a kò bu mílíìkì sí. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti pa iná. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ o, ẹ má sì gbé fóònù: láti orí àwọ̀ tíì bọ́ sí àwọ̀ kọfí dúdú kì í tó ìṣẹ́jú kan, kọfí dúdú yẹn sì ti korò. Kò sí iye ṣúgà tó lè bo kíkorò yẹn mọ́lẹ̀. Dídà nù ni.

Omi tó kù, ẹ ti gbé e kaná sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Gbígbóná ni kí ẹ máa dà á sí ṣúgà yíyan náà, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn, kí ojú yín má sì wà lókè ìkòkò. Ṣúgà yẹn ti gbóná ju omi híhó lọ fíìfíì, yóò ta, ooru rẹ̀ á sì ru sókè. Kí àwọn ọmọ má sí ní kíṣìnnì. Bó bá ta sí ẹnikẹ́ni lára, ó máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ara ni, kì í ṣàn lọ bí omi. Abẹ́ ẹ̀rọ omi tútù ni kí ẹ gbé ibẹ̀ sí fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ má fi ògì, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á.

Nígbà tó bá ti fara balẹ̀, ẹ da ṣúgà tó kù sí i, pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀. Ẹ wá rò ó dáadáa lórí iná kékeré títí kò fi ní sí wóró kankan mọ́. Kó yòrò tán kó tó hó, ẹ jọ̀ọ́. Bó bá ti hó, ẹ yọ ṣíbí kúrò pátápátá, kí ẹ fi ọmọrí dé e fún ìṣẹ́jú méjì. Oru tó ń ṣàn lára ìkòkò á fọ ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ibí yìí, wọn kò sì mọ̀ pé wóró kan ṣoṣo tó bá jábọ́ láti etí ìkòkò ló máa ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ bí sírọ́ọ̀pù bá tutù.

Ẹ ṣí i, kí ẹ jẹ́ kó máa hó jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 10 sí 15. Báwo lẹ ṣe máa wá mọ ìgbà tó jinná láìsí tẹmómítà? Ẹ wọn ìkòkò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ gbé ìkòkò òfìfo lé ìwọ̀n, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní ó jẹ́ gíráàmù 620. Ṣúgà gíráàmù 500 tó bá wà nínú gíráàmù 750 ni ìdá 66 tí à ń wá. Nítorí náà, nígbà tí ìkòkò àti ohun tó wà nínú rẹ̀ bá di gíráàmù 1,370, ó ti jinná. Bó bá ṣì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ dá a padà sórí iná; bó bá ti kéré jù, ẹ fi omi gbígbóná dí i. Ṣúgà kì í bá ooru lọ, omi nìkan ló ń lọ, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀n kì í fi í purọ́. Kí ẹ tó gbé ìkòkò gbígbóná lé ìwọ̀n, ẹ tẹ́ aṣọ tó nípọn sórí rẹ̀, kí ẹ sì dá ìwọ̀n náà padà sí òdo pẹ̀lú aṣọ náà lórí rẹ̀.

Fún ẹni tó ní tẹmómítà, 104°C ni. Àmọ́ ìlú tó wà nílẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí Èkó nìyẹn. Ní Jos, tó ga, nǹkan bíi 96°C ni omi ti ń hó, 100°C sì ni sírọ́ọ̀pù ibẹ̀ ti jinná. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí omi lásán ti ń hó níbi tí ẹ wà, kí ẹ wá fi mẹ́rin lé e.

Ẹni tí kò ní èyíkéyìí, kó fi àwo tíì pẹlẹbẹ sí fíríìsà kó tó dáná. Ẹ kán sírọ́ọ̀pù sí i, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ dagun àwo náà. Tó bá sáré bí omi, kò tíì tó. Tó bá rọra ń wọ́ bọ̀ bí oyin tuntun, ẹ pa iná. Tí kò bá kúrò lójú kan, ó ti kọjá, ẹ fi omi ṣíbí ìjẹun méjì sí i.

Ìgbà tí ẹ bá pa iná tán ni fanílà ń wọlé; bó bá bá a hó, òórùn rẹ̀ á bá oru lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí wóró inú fíríìjì. Omi ní iye ṣúgà tó lè gbé, bó bá sì ṣe ń tutù ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Lórí tábìlì, ní nǹkan bíi 20°C, sírọ́ọ̀pù lè gba ṣúgà tó ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú fíríìjì, kò ju nǹkan bí ìdá 65 lọ. Tiyín, tó dára gan-an lọ́jọ́ tí ẹ sè é, kàn wá ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ nígbà tí òtútù mú un, ló bá sọ èyí tó pọ̀ jù kalẹ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń yanjú rẹ̀. Ẹyọ ṣúgà kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì tó so mọ́ra, glúkóòsì àti fúrútóòsì. Kíkan ọsàn pẹ̀lú iná á já lára wọn sọ́tọ̀, àwọn tó já yìí á sì máa dí èyí tí kò já lọ́wọ́ láti tò pọ̀ di wóró. Irú ṣúgà jíjá bẹ́ẹ̀ ló wà nínú golden syrup tí àwọn ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ dáadáa, èyí tí ilé iṣẹ́ Abram Lyle bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1883. Bí ẹ kò bá fẹ́ kíkan kankan, ẹ yọ gíráàmù 50 nínú ṣúgà, kí ẹ fi glúkóòsì inú agolo tàbí oyin dípò rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ jẹ oyin o, ì báà jẹ́ sísè.

Ìgò onígíláàsì ni kí ẹ rọ ọ́ sí, èyí tí ẹ ti sè nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ìgò náà ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń fi àrọ dà á sí i. Bó bá tutù, ó lè là. Ìgò oníke tí wọ́n fi ń ta omi á ká jọ. Bí ìgò kò bá kún dé ọrùn, ẹ jẹ́ kí sírọ́ọ̀pù tutù kí ẹ tó dé e, torí oru tó bá kán padà sórí rẹ̀ á ṣàn sójú rẹ̀ bí omi, ibẹ̀ ló sì ti máa kọ́kọ́ bu. Nínú fíríìjì, á tó oṣù méjì. Níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, ẹ sè é ní ìdajì, kí ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Èyí tó bá ti bu, tàbí tó ń hó bí ẹmu nígbà tí ẹ ṣí i, ẹ má bó orí rẹ̀ jẹ ìsàlẹ̀.

Bọ́tà ń mú un dùn: gíráàmù 20 nígbà tí ẹ bá pa iná. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ máa jẹ lọ́jọ́ náà nìkan ni kí ẹ fi í sí. Atalẹ̀ tútù tí a gé wẹ́wẹ́, gíráàmù 50, lè bá a hó láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá sẹ́ ẹ. Ó bá mósà àti ọ́ọ̀tì mu gan-an. Sínámọ́nì, igi rẹ̀ ni kí ẹ lò, ìyẹ̀fun rẹ̀ á sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Sobo ló wù wá jù nínú gbogbo wọn: ẹ rẹ gíráàmù 20 sínú omi gbígbóná mìlílítà 400 fún ìṣẹ́jú 15, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ṣúgà gíráàmù 400 sí i, kí ẹ sè é títí yóò fi wọn gíráàmù 600. Kò nílò ọsàn wẹ́wẹ́, kíkan ti wà lára rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ lórí búrẹ́dì tí a fi ẹyin dín sì lẹ́wà. Èyí tí àwọn kan ń fi ìyẹ̀fun àgbàdo mú ki, á ki lóòótọ́, àmọ́ lọ́jọ́ kejì á ti dì bí ẹ̀kọ, omi á sì ya lára rẹ̀.

Ṣíbí ìjẹun méjì tó ẹnì kan. Ṣúgà inú rẹ̀ ti tó gíráàmù 26, bíi ṣíbí tíì mẹ́fà ààbọ̀, nítorí náà ẹ má fi ṣúgà sí páńkéèkì fúnra rẹ̀ mọ́.

Ìgò tó ti di wóró lọ́wọ́ yín ńkọ́? Ẹ má dà á nù. Ẹ gbé ìgò náà sínú omi gbígbóná títí ohun inú rẹ̀ yóò fi tú, kí ẹ dà á padà sí ìkòkò pẹ̀lú omi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ ṣíbí tíì kan. Ẹ dé e, kó hó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, títí wóró tó kẹ́yìn yóò fi yòrò, kí ẹ sì fọ ìgò náà dáadáa kí ẹ tó rọ ọ́ padà, torí wóró tó bá kù lára rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èyí tó le bíi súùtì náà ṣeé tún ṣe bí kò bá tíì jó: ẹ fọ́ ọ, ẹ wọn iye rẹ̀, kí ẹ fi omi gíráàmù 40 sí gíráàmù 100 rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí iná kékeré, kó yòrò, kó hó ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ wá fi àwo tútù dán an wò.