Séèfù inú ọkọ̀-ilé: ibi tí ẹ dè é mọ́ ló ṣe kókó

Ẹ bèèrè pé tí ẹ bá páàkì motorhome yín, ìyẹn ọkọ̀-ilé tí ẹ̀ ń wà kiri tí ẹ sì ń sùn sí, tí ẹ sì fẹ́ rìn jáde fún wákàtí díẹ̀, ibo ni kí ẹ fi páásípọ́ọ̀tù, owó àti kọ̀ǹpútà alágbèéká sí, àti pé ṣé séèfù kékeré, àpótí irin tó ń tì, tó. Séèfù dára. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá kàn gbé sínú kọ́bọ́ọ̀dù láì dè é, ẹ ti bá olè di ẹrù rẹ̀ ni.

Ọkọ̀ yìí kì í ṣe ilé oníbíríkì. Fóòmù tí wọ́n fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ni ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Wíńdò rẹ̀ jẹ́ oníke, ike kéékèèké ló sì ń dì í mú láti inú; sukudáfà lásán tó láti já a. Olè lè wọlé. Kí iṣẹ́ pọ̀ fún un tó bá wọlé, kó má lè yára jáde, ìyẹn ni ká gbájú mọ́.

Ẹ má kan séèfù mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù. Pákó ibẹ̀ fẹ́lẹ́ kí ọkọ̀ má bàa wúwo. Bí wọ́n bá ti ọ̀pá irin bọ̀ ọ́, séèfù àti pákó á jọ jáde. Ìsàlẹ̀ ìjókòó iwájú ló dára jù, bí ẹ bá rí séèfù tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín, tó ń lo ihò tó ti wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fúnra yín lu ihò sí irin tó di ìjókòó àti bẹ́líìtì mú. Ẹ̀mí wà nídìí irin yẹn.

Bí kò bá sí irú rẹ̀, ilẹ̀ ọkọ̀ ló kù. Ẹ kọ́kọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo ibi tí páìpù gáàsì, wáyà àti táǹkì omi gbà. Ẹ fi díríìlì mílímítà 3 lu ihò kan ṣoṣo, kí ẹ padà sábẹ́ lọ wo ibi tó yọ sí kí ẹ tó lu ìyókù. Bóòtù mílímítà 8 mẹ́rin tó. Olórí róbótó ni kí ẹ rà, èyí tí sípánà ò lè dì mú, kí ẹ sì tì í bọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀, kí nọ́ọ̀tì wà nínú séèfù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń fi nọ́ọ̀tì sísàlẹ̀, tí olè á sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, á tú u wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ mílímítà 3 tẹ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà. Kí ihò rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, kí ọrùn bóòtù, tóun náà jẹ́ onígun mẹ́rin, lè há síbẹ̀, kó má yí.

Fóòmù ló wà láàárín pákó méjèèjì tó ṣe ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá fún nọ́ọ̀tì jù, fóòmù náà á rún, ilẹ̀ á sì rì. Páìpù irin kékeré tó ga tó ilẹ̀ náà gan-an ni kí ẹ fi wọ bóòtù kọ̀ọ̀kan, òun ni yóò gba agbára náà. Ẹ fi gọ́ọ̀mù tí kì í jẹ́ kí omi wọlé dí ihò lókè àti nísàlẹ̀, torí pé omi tí táyà ń ta sókè á wọnú pákó, pákó á sì jẹrà láìjẹ́ pé ẹ rí i. Lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ yẹ nọ́ọ̀tì wò, torí ọkọ̀ ń gbọ̀n.

Ẹ yí nọ́ńbà tí séèfù bá dé láti ilé iṣẹ́ padà. Kọ́kọ́rọ́ àfikún rẹ̀, ẹ má fi í sínú ọkọ̀ rárá, kódà lábẹ́ ìbùsùn; ibẹ̀ ni olè ń kọ́kọ́ wò.

Àwọn kan máa ń fi bẹ́líìtì so ilẹ̀kùn iwájú méjèèjì pọ̀ lóru. Ó ń dá olè dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí iná bá ṣẹ́ yọ nínú ọkọ̀, ẹ̀yin náà ló há mọ́ inú. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ilẹ̀kùn yàrá gbọ́dọ̀ ṣeé ṣí láti inú láì wá kọ́kọ́rọ́, kí gbogbo ẹni tó sùn níbẹ̀, títí kan àwọn ọmọdé, sì ti fi ọwọ́ ara wọn ṣí i rí nínú òkùnkùn.