Ẹ Bi Bàbá Oníṣéńjà: Gbogbo Olórin Ń Fa Ohùn Bí Ẹni Tó Mu Ẹmu Yó

Ẹ kú ọyẹ́ o. Eruku tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Òkèsà láàárọ̀ yìí, a lè gbin iṣu sí i. Lẹ́tà márùn-ún ni mo mú nínú èyí tó wà nílẹ̀, gbogbo wọn ló jẹ mọ́ ṣéńjà, ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àwo orin. Ti àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí pé láàárín Iléṣà sí Ifẹ̀, mi ò lè ka iye ènìyàn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Mọ̀ọ́rè ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Bàbá mi fi nǹkan bí ọgọ́ta àwo sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú: jùjú, àpàlà, orin ìjọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ṣéńjà tòkunbọ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà. Mo ra step-down, àpótí tó ń dín agbára iná kù, nítorí pé fóòtì 110 ni wọ́n kọ sídìí ṣéńjà náà. Ó ń yí, ó sì ń kọrin, àmọ́ gbogbo olórin ló ń fa ohùn bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa ní kí n pààrọ̀ bẹ́líìtì. Mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún wá ní àwọn àwo náà ló ti gbó. Ṣé òótọ́ ni? (Ọmọ yín, Mọ̀ọ́rè)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ mọ́ àwo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ. Àwo tó ti gbó a máa hó, a máa ta pàrápàrá, a sì máa fò. Kì í falẹ̀. Ohun tó ń yí i ló ń falẹ̀.

Kó o tó ná kọ́bọ̀ mìíràn, gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí àwo, kó o wá fi aago fóònù rẹ ka iye ìgbà tí bébà náà kọjá níwájú rẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwo ńlá, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ àwo Columbia kọ́kọ́ gbé jáde ní 1948, ìgbà 33 àti ìdá kan nínú mẹ́ta ló máa ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá di ìṣẹ́jú mẹ́ta, 100 géérégé ni. Bí tìrẹ bá jẹ́ 83 tàbí kó súnmọ́ ọn, bẹ́líìtì rẹ kò jẹ̀bi ohunkóhun.

Iná ló jẹ̀bi. Step-down tó o rà ti sọ 230 di 110, ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n iná inú wáyà kì í dúró sójú kan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ọmọdé lórí jangirọ́fà. Níbí, ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà 60 ni. Step-down ò lè fọwọ́ kan ìyẹn. Mọ́tò inú ọ̀pọ̀ ṣéńjà àtijọ́ sì rèé, àlọ-àbọ̀ yẹn gan-an ló ń tẹ̀ lé, bí oníjó ṣe ń tẹ̀ lé onílù. Onílù ti dín ìlù kù, oníjó náà dín ẹsẹ̀ kù. Dípò 33, nǹkan bí 28 péré ni àwo rẹ ń yí. Ìdí nìyẹn tí gángan fi ń dún bíi gbẹ̀du, tí obìnrin fi ń kọrin bí ọkùnrin.

Wo orí mọ́tò náà. Wàá rí irin róbótó kan tí bẹ́líìtì kọ́ mọ́. Púlì ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Dual àti Thorens máa ń ṣe púlì oríṣi méjì, ọ̀kan fún iná 50, ọ̀kan fún 60. Kọ orúkọ àti nọ́ńbà ṣéńjà rẹ sílẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ wá púlì 50 ránṣẹ́. Bí kò bá rí i, mú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Èyí tuntun gbọ́dọ̀ sanra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: ibi tó bá jẹ́ mílímítà 10, kó di 12. Púlì máa ń ní àkàsọ̀ méjì, ti àwo ńlá 33 àti ti àwo kékeré 45. Kó fi kún méjèèjì o, kó má ṣe ọ̀kan kó wá ní òun ti parí.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra, kó béèrè irú mọ́tò tó wà nínú rẹ̀ kó tó béèrè iye. Technics SL-1200 MK2 tó jáde ní 1979, bí àpẹẹrẹ, kírísítà, irú èyí tó ń mú aago ọwọ́ rìn déédéé, ló ń darí ìyípo rẹ̀. Kò bìkítà bóyá 50 ni iná tàbí 60. Step-down nìkan ló máa nílò, bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan jẹnẹrétọ̀ náà. Ṣéńjà tí mo kọ́kọ́ ní, mọ́tò tó ń tẹ̀ lé iná ló wà nínú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo fi ń gbé e. Bí fíríìjì bá ti mí gùdẹ̀ báyìí, jẹnẹrétọ̀ á rọ̀, olórin á sì yán. Ó pẹ́ tí mo fi ń rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni, mo tilẹ̀ ń yìn ín.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá wa, olùkọ́ ni mí ní Ìsọ̀kùn, Iléṣà níbí. Mo so ṣéńjà mọ́ ojú AUX lára ampilifáyà tí a fi ń ṣe òde. Orin ń dún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ẹ̀fọn, kò sí ìdí ìlù rárá. Bí mo bá sì yí i sókè, «hùùùn» ló kù tí mò ń gbọ́.

ÌDÁHÙN: Tíṣà, nǹkan méjì ló pàdé níbẹ̀. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń mú jáde kéré gan-an, bíi mílífóòtì 3 sí 5. Ojú AUX ń retí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílífóòtì. Ìyẹn ló jẹ́ kó kéré. Ti ìdí ìlù tí ẹ ò gbọ́ yàtọ̀: àwọn tó ń gbẹ́ àwo a máa dín báàsì kù, wọ́n a sì máa fi kún ohùn òkè. Báàsì ńlá ń jẹ àyè lójú àwo, ohùn òkè tí wọ́n fi kún sì ń jẹ́ kí a lè bo híhó àwo mọ́lẹ̀ nígbà tí a bá ń gbọ́ ọ. Láti 1954 ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo Amẹ́ríkà ti fẹnu kò lórí òdiwọ̀n kan, òun sì ni ayé ń lò. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà nílé yín tó máa dá báàsì padà. Ampilifáyà àtijọ́ ní ojú tí wọ́n kọ PHONO sí fún iṣẹ́ yìí. Èyí tí ẹ fi ń ṣe òde lè má ní in, nítorí náà ẹ ra àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní phono preamp, kí ẹ fi sáàárín.

Ti «hùùùn» náà, ẹ wo ẹ̀yìn ṣéńjà yín. Wáyà tín-ín-rín kan wà tó dá dúró, tí ẹnu rẹ̀ rí bíi fọ́ọ̀kì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ká a jọ torí pé wọn ò mọ ibi tó ń lọ. Ìdè tí wọ́n kọ GND sí lára ampilifáyà tàbí preamp ló ń lọ. Bí ẹ bá fọwọ́ kan irin apá ṣéńjà tí híhùn náà sì yí padà, ọ̀rọ̀ wáyà yẹn ni.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan ní kí n fi kẹrosíìnì nu àwo kó lè dán. Ṣé kí n ṣe é? (Ìyá Ìbejì, Lágéré)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kẹrosíìnì sínú sítóòfù. Omi tí wọ́n sè tí wọ́n gba oru rẹ̀, èyí tí àwọn oníbátìrì ń tà, ni kí ẹ kán ọṣẹ abọ́ ẹ̀kán kan péré sí, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ún yípo, kí omi má kan bébà àárín. Ẹ ka ara ike náà dáadáa lọ́wọ́ oníbátìrì o. Ásíìdì àti omi, ìdí kan náà ni wọ́n ń jókòó sí.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, àwo mi ń fò. Bàbá àgbà wa máa ń gbé owó idẹ lé orí apá ṣéńjà, ó sì máa ń dúró. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó dúró lóòótọ́. Ṣé kò burú? (Modákẹ́kẹ́)

ÌDÁHÙN: Ó burú. Ṣéńjà bàbá àgbà rẹ, abẹ́rẹ́ tó wúwo ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ lónìí, gírámù díẹ̀ ló fẹ́. Abẹ́rẹ́ Audio-Technica VM95E, bí àpẹẹrẹ, gírámù 2 ni àwọn tó ṣe é sọ, kó má dín ní 1.8, kó má sì ju 2.2 lọ. Owó idẹ tó o gbé lé e ń fá ojú àwo rẹ díẹ̀díẹ̀, ohun tí ó bá sì fá kò tún ní padà. Fífúyẹ́ jù náà ò dára o. Apá tó fúyẹ́ jù a máa fò, a sì máa ta gìrìgìrì nínú ojú ilà, ìyẹn náà ń ba àwo jẹ́.

Níbo la ti ń rí òṣùwọ̀n tó lè wọn gírámù méjì? Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà ò gbọdọ̀ bi mí. Àwọn tó ń ra góòlù lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á lápá Ìtàgunmódì ní i, pẹlẹbẹ báyìí bíi fóònù. Ibẹ̀ ni mo ti rí tèmi. Ọkùnrin tó tà á fún mi bi mí pé góòlù mélòó ni mo ní, mo ní abẹ́rẹ́ kan ni. Ó wò mí títí.

Bi ara rẹ náà pé ìgbà wo lo pààrọ̀ abẹ́rẹ́ gbẹ̀yìn. Abẹ́rẹ́ tó dára, tí a tọ́jú, lè tó 1000 wákàtí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ àwo ní wákàtí méjì lálaalẹ́, kò ní pé ọdún kan àti ààbọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Aburo, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo fi lára owó ìfẹ̀yìntì mi ra sípíkà méjì tó ga dé igbáyà mi. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó dùn bí oyin. Nínú pálọ̀ mi, báàsì ń gbá wa láyà, ọ̀rọ̀ orin ò sì yé ẹnikẹ́ni. Ṣé kí n dá a padà? (Ẹ̀gbọ́n yín, Ìmọ̀, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú owó o. Ẹ má dá a padà. Mo ti mọ pálọ̀ yín láìwọ ibẹ̀: táìsì nílẹ̀, ògiri búlọ́ọ̀kù mẹ́rin lásán, sípíkà sì wà ní kọ̀rọ̀ méjèèjì kó má baà dí ọ̀nà. Kọ̀rọ̀ ló ń fẹ báàsì lójú. Ẹ fà wọ́n kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́ta. Kí àárín sípíkà kan sí èkejì, àti àárín wọn sí àga yín, jẹ́ ọgbọọgba. Kí ẹ wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín pálọ̀: bí ó bá dáhùn «ṣáíń», ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ta kọ́tìnnì tó nípọn. Bí ṣéńjà bá sì wà lórí sípíkà, bí gbogbo wa ti ń ṣe é, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lónìí. Sípíkà ń mi abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á sì gbé mímì náà padà fún sípíkà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kan: ẹ má ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun kan, ọ̀sẹ̀ kan, àwo kan náà. Bí ẹ bá ṣe márùn-ún papọ̀ tó dùn, ẹ ò ní mọ èyí tó mú un dùn. Bí ó bá sì burú, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ máa tú. Èmi ní ìwé ọmọ iléèwé kan tí mò ń kọ ọ́ sí láti 1991. Ìyàwó mi ni adájọ́, láti kíṣìnnì. Ó wà níbẹ̀ lójú ewé kan: «Mo gbé ṣéńjà sórí òkúta. Ìyá ní ọkùnrin náà ti jáde kúrò nínú ṣágo.»

Àwo tí mo fi ń dán an wò ni àwo kékeré 45 kan ti I.K. Dairo, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní 1963. Kì í ṣe torí pé aládùúgbò wa ni. Àwo ìgbà yẹn, ohùn kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀. Nítorí náà, bí gbogbo nǹkan bá tọ́, ó yẹ kí akọ́díọ̀nù àti ohùn rẹ̀ wá láti àárín gbùngbùn, bí ẹni pé ó dúró síwájú ògiri. Mo ti ń fi dán an wò fún ọdún méjì kí ọmọ iṣẹ́ mi kan, tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, tó bi mí pé, «Ọ̀gá, ibo ni bàbá yẹn dúró sí?» Mo tẹ́tí. Kò sí níbì kankan. Mo lọ sẹ́yìn sípíkà òsì: èmi alára ni mo ti so pupa mọ́ dúdú, dúdú mọ́ pupa. Sípíkà kan ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì ń fà á sẹ́yìn, wọ́n ń jẹ báàsì ara wọn. Ọdún méjì gbáko, èmi tí mò ń gbowó lọ́wọ́ ènìyàn láti tún tiwọn ṣe. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn tiyín náà kí ẹ tó gbé ohunkóhun.

Ìlà tí mo kọ kẹ́yìn sínú ìwé náà, ti Sátidé tó kọjá ni: «Mo sún sípíkà ọ̀tún síwájú ní ìka mẹ́ta.» Ìyá ò tíì sọ nǹkan kan.