Ìbéèrè Yín: Ṣé kí n gba gbogbo ohun tí olùwádìí sọ ní apá ìjíròrò?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ sáíkọ́lọ́jì ni mí. Bí mo bá mú ìwé ìwádìí, apá ìjíròrò ni mo máa ń sáré lọ bá, torí nọ́ńbà inú àbájáde kì í tètè yé mi. Olùkọ́ wa ní mo kàn ń gba ọ̀rọ̀ olùwádìí gbọ́ ni. Kí ló yẹ kí n máa wò?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni olùkọ́ yín sọ. Inú àbájáde ni ẹ̀rí wà. Ní ìjíròrò, ẹjọ́ ni olùwádìí ń rò, ẹ sì mọ ohun tí àgbà ń sọ nípa ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá. Ẹ ka àbájáde ná, kí ẹ fi gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta kọ ohun tí ẹ rí níbẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ṣí ìjíròrò, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tó fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí, kí ẹ sì wá nọ́ńbà tàbí àtẹ tó gbè é. Èyí tí kò bá ní, àbá ni. Kò burú kí olùwádìí dábàá, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ pé àbá ni.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ló máa ń tú àṣírí jù. Ká ní wọ́n bi 300 ènìyàn léèrè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nípa oorun àti ìbànújẹ́ wọn, tí wọ́n rí i pé àwọn tí kì í rí oorun sùn ni ìbànújẹ́ wọn pọ̀ jù. Tí ìjíròrò bá ní àìsùn ló “ń fa” ìbànújẹ́, ó ti kọjá ohun tó rí. Ó lè jẹ́ ìbànújẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Ó sì lè jẹ́ àìsàn kan ló fa méjèèjì. Ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ́ kèké pín olùkópa sí ọ̀wọ́, tí wọ́n sì yí nǹkan kan padà fún ọ̀wọ́ kan, ni “ń fa” tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ tún wo bí ohun tí wọ́n rí ṣe tóbi tó. Pé p (nọ́ńbà tó ń sọ bí ó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú èsì bẹ́ẹ̀ jáde bí kò bá tilẹ̀ sí nǹkan kan níbẹ̀) kéré sí 0.05, ààlà tí àwọn olùwádìí sábà máa ń lò, kò sọ ìyẹn: bí olùkópa bá pọ̀ gan-an, ìyàtọ̀ bíńtín náà á kọjá ààlà yẹn. Bí r, nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan méjì ṣe ń bá ara wọn rìn tó, bá jẹ́ 0.20, ìdá 4 péré nínú 100 ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ènìyàn nínú ọ̀kan ló bá èkejì lọ (0.20 × 0.20 = 0.04). Bẹ́ẹ̀ náà ni p tó ju 0.05 lọ láàárín 40 ènìyàn kò fi hàn pé kò sí nǹkan níbẹ̀.

Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà pẹ̀lú. Ṣé ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dán wò ni ìjíròrò ń yọ̀ lé lórí, àbí ohun tí wọ́n ṣèèṣì bá pàdé ni wọ́n wá ń pè ní àsọtẹ́lẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré: ohun tí wọ́n ṣèèṣì bá pàdé lè má jáde mọ́ bí wọ́n bá tún ìwádìí náà ṣe. Nígbà tí àwọn olùwádìí tún 100 ìwádìí sáíkọ́lọ́jì ṣe, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2015, ìdá 97 nínú 100 ti àkọ́kọ́ ló ní p tó kéré sí 0.05, nínú èyí tí wọ́n tún ṣe, ìdá 36 péré ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń sáré kọjá ni ibi tí olùwádìí ti ń ka àléébù iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ mú àléébù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè pé: bí èyí bá jẹ́ òótọ́, gbólóhùn wo nínú ìparí ló yẹ kó wó? Bí wọ́n bá gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nìkan ni wọ́n lò, tí gbólóhùn tó kẹ́yìn sì ń gba gbogbo ilé ìwòsàn nímọ̀ràn, wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n fẹnu ara wọn jẹ́wọ́.