Ìyá Ìbejì, ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ kí ẹ tó sanwó

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Ìyá Ìbejì. Mo rí ìbéèrè yín. Ẹ fẹ́ kó àwọn ìbejì ọmọ ọdún 4 àti ẹ̀gbọ́n wọn ọmọ ọdún 9 jáde nígbà ìsinmi ráńpẹ́ oṣù kẹwàá, màmá ọkọ yín á bá yín lọ, ẹ sì ń béèrè bóyá Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga tí wọ́n ń pè ní Bower's Tower n'Íbàdàn níbí, àti mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní Alẹ́ṣinlọ́yẹ ṣeé lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àti èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Mo ka èsì àwọn tó sọ pé "ẹ ṣáà máa lọ, ẹ ó gbádùn ẹ̀." Ó hàn pé wọn ò tíì dá kó ọmọ mẹ́rin jáde rí láìsí ìyá wọn níbẹ̀.

Èmi ti ṣe é. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́ òmìnira, ìyàwó mi lọ síbi ìsìnkú nílé wọn, ó fi gbogbo ọmọ sílẹ̀ fún mi. Mo ní kàkà kí wọ́n jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ jẹ́ n mú wọn lọ síbi ìṣẹ̀ǹbáyé kan nínú ìlú yìí. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ẹ má sì bi mí ní kọ̀rọ̀, torí ó ṣeé ṣe kí àwọn tí mo bá níbẹ̀ ti kúrò.

Mo ti pè wọ́n lórí fóònù lọ́jọ́ tó ṣáájú o. Ẹni tó gbé e ní, "A máa ń ṣí, ọ̀gá, ẹ máa bọ̀." Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ la débẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, kò wọ yunifọ́ọ̀mù, òun ló gba owó àbáwọlé lọ́wọ́ mi. Kò fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì. Mo béèrè rìsíìtì, ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó fún mi lọ́mọ ẹ̀ fẹ́. A wọnú ọgbà, obìnrin kan yọ láti inú ọ́fíìsì, ó ní owó tí mo san lẹ́nu géètì yẹn, ti ọgbà ni, ti inú ilé wà lọ́tọ̀. Mo san. Ó ní ti fọ́tò náà wà lọ́tọ̀. Mo ní èmi ò mú kámẹ́rà dání, fóònù lásán ni. Ó ní ṣé fóònù kì í ya fọ́tò ni? Mi ò rí èsì sí ìyẹn, mo tún san. POS ò sí níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kí tíránsífà lọ, owó tí mo fẹ́ fi ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ ni mo ń kà sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Níbi tí mo wí yìí, kò gbe onílé, kò gbe àjèjì.

Àfi ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà tí àwọn nǹkan náà wà nínú ẹ̀, tí a bá àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọ̀gá ńkọ́? "Wọ́n wà lójú ọ̀nà." Ìyá Ìbejì, ojú ọ̀nà yìí, bóyá láti Ṣakí ni, mi ò mọ̀. Aago mọ́kànlá lù. Mọ́kànlá àbọ̀ lù. Àwọn ọmọ ti ka gbogbo alángbá inú ọgbà tán. Ìgbà yẹn ni ẹnìkẹta, ọmọ ọdún 5, fà mí láṣọ: "Dádì, ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí."

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀ o, ẹ má rò pé kò sí. Wọ́n kùn ún lọ́dà funfun, wọ́n lẹ táìlì sí i lára, wọ́n wá fi àgádágodo tó tó àgbọn tì í pa. Mo lọ bá obìnrin inú ọ́fíìsì yẹn. Ó ní ti àwọn àlejò ni. Mo ní kí wá ni èmi? Ó ní àlejò pàtàkì lòun ń wí, àti pé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ náà wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ọmọ ti ń ká ẹsẹ̀ kò, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Mo gbé e lápá ọ̀tún, mo fa àbíkẹ́yìn lọ́wọ́ òsì, mo ní kí àwọn méjì yòókù di ara wọn mú, a sá jáde.

Ìyá kan tó ń ta àmàlà níwájú títì ló ṣàánú wa. Kò tilẹ̀ bi mí léèrè, ó rí ojú ọmọ, ó ní "gbé e kọjá sẹ́yìn", ó bu omi sí kẹ́tùrù fún wa. Mo fẹ́ fún un lówó, ó kọ̀. Mo wá ní kó bu àmàlà fún gbogbo wa. Aago méjìlá òwúrọ̀... mo fẹ́ sọ pé ọ̀sán, gbẹ̀gìrì àti ewédú, àwọn ọmọ jẹun bí ẹni tó ti oko dé.

A padà dé géètì, ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì ní kí n san owó mìíràn, pé a ti jáde. Mo ní tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ fún mi ńkọ́? Ó ní òun ò fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀! Mo pariwo níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò purọ́. Mo pariwo títí àkọ́bí mi fi ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká máa lọ ilé." Wọ́n ṣáà jẹ́ ká wọlé. Ọ̀gá dé ní ìdajì wákàtí lẹ́yìn ìyẹn, kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn ní "ẹ káàbọ̀". Iná ò sí. Tọ́ọ̀ṣì fóònù mi la fi wo gbogbo ohun tó wà nínú ilé, àbíkẹ́yìn ti sùn sí mi lẹ́yìn. Bí a ṣe jáde ni òjò ń dúró dè wá. Nígbà tí ìyá wọn dé tó béèrè ohun tí wọ́n rí, àmàlà ni gbogbo wọn ròyìn.

Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí nìyẹn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìpè fóònù nìkan. Ẹni tó gbé fóònù lè wà nílé ẹ̀. Ẹ rán ẹnìkan lọ wò ó ní bí ọjọ́ méjì ṣáájú, tàbí kí ẹ yà síbẹ̀ fúnra yín bí ẹ bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ẹ béèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ ń bọ̀. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ fojú yín rí i. Ẹ béèrè gbogbo owó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ti ẹnu géètì, ti inú ilé, ti fọ́tò, kí ẹ tó yọ kọ́bọ̀ lápò. Kí ẹ sì mú owó wẹ́wẹ́ dání. Àwọn ọ̀mọ̀wé á máa sọ lórí rédíò pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò mọ ìtàn. Kí àwọn náà wá gbé ọmọ tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n wá mọ ìtàn wò.

Ọ̀rọ̀ òjò. Àwọn àgbà ń pe oṣù kẹwàá ní Ọ̀wàrà, ẹ gbọ́ orúkọ náà ná. Òjò rẹ̀ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ọ̀sán tàbí ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ya lu èèyàn, pẹ̀lú ìjì. Bí ẹ bá rí i tí ojú ọ̀run ṣú ní ìhà ibi tí ẹ ń lọ, ẹ má gba ẹ̀bá odò Ògùnpa. Èmi ò tíì gbọ́njú lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980 tí Ògùnpa kún, àmọ́ ìyá mi rí òkú èèyàn, títí dòní bí òjò bá ti lé ní wákàtí méjì, wọ́n á ní kí a ka àwọn ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ìkún omi yẹn ní Omíyalé lásán, orúkọ lẹ mọ̀.

Láyípo fúnra ẹ̀ kò le. Orí Òkè Àrẹ ló wà, àtẹ̀gùn 47 ló yípo nínú ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ó sì há, nítorí náà àgbàlagbà kan fún ìbejì kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sáré. Bàtà tó bo ẹsẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Bí àrá bá ń sán, ẹ má gùn ún rárá. Lókè, ẹ ó rí páànù Ìbàdàn tó ti dógùn-ún títí ojú yín á fi sú, ẹ ó rí gbọ̀ngàn Mápó, ẹ ó sì rí ilé gogoro Cocoa House tí wọ́n parí ní 1965, tí iná jó ní 1985. Ọmọ ọdún 9 yín á béèrè ẹni tí wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ náà fún. Ẹ má purọ́ fún un. 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Captain Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ Résídẹ́ǹtì, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní Ìbàdàn ní 1893. Bower yìí kan náà ló yin ìbọn àgbá lu Ọ̀yọ́ ní 1895, nítorí aáwọ̀ òun àti Aláàfin. Ẹni tó ń mú yín káàkiri lè má dé ibi yẹn nínú ìtàn náà, ẹ̀yin ẹ bá a débẹ̀. Ọmọkùnrin mi bi mí pé kí ló dé tí Ìbàdàn ò fi wó o. Mo ní lókè ibí ni atẹ́gùn ti dára jù. Mi ò rí èsì tó ju ìyẹn lọ.

Mápó ò jìnnà síbẹ̀. 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ ní Sátidé, ìnáwó ló máa ń wà níbẹ̀, ẹ ó kàn bá kánópì àti ọkọ̀ tó dí títì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó látòkè.

Tó bá jẹ́ pé ti àwọn ìbejì nìkan ni, ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ni ǹ bá ní kí ẹ lọ, torí ọmọ ọdún 4 mọ kìnnìún ju ère lọ. Láti 1948 ló ti wà, láti inú àwọn ẹranko tí wọ́n kó jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ zoology. Àwa tí a dàgbà níbí ò jẹ́ gbàgbé Imade, ìnàkí ńlá yẹn. Agodi Gardens náà ṣeé jókòó jẹun nínú ẹ̀ bí ilẹ̀ bá gbẹ. Àmọ́ ẹ̀yin ò béèrè ìyẹn.

Kí tilẹ̀ lẹ béèrè? Ẹ ní èwo ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Láyípo ni, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, kí òjò tó ronú. Lẹ́yìn náà ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹun, kí ẹ wá lọ sí Alẹ́ṣinlọ́yẹ, torí mùsíọ́ọ̀mù ní òrùlé, òjò ò ní pa yín. 2002 ni wọ́n ṣí i. Ìkòkò wà níbẹ̀, ẹ̀kú egúngún wà níbẹ̀, kí ẹ ti sọ fún àwọn ìbejì láti ilé pé kò sí èèyàn nínú ẹ̀kú náà. Àbíkẹ́yìn tèmi ò gbà, ó ní òun rí ẹsẹ̀. Ẹ fún ẹ̀gbọ́n wọn ní ìwé àti pẹ́ńsù kó máa ya àwòrán ohun tó bá rí. Ìṣẹ́jú 40 tó fún ọmọ ọdún 4, bí wọ́n bá ti ń fọwọ́ kan gíláàsì, ẹ kó wọn jáde. Ọjọ́ kan tó fún méjèèjì, bí ẹ ò bá fi ti ẹlòmíràn kún un.

Mo fẹ́ gbàgbé Màmá. Orúnkún àgbà àti àtẹ̀gùn 47 ò bára mu. Kí wọ́n jókòó sísàlẹ̀, ẹ gbé àga kékeré dání láti ilé, ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni á gbé àga fún wọn. Kí báàgì tí tíṣù àti omi wà nínú ẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn, torí àwọn nìkan ni kò ní máa sáré tẹ̀lé ọmọ.