Ọmọ mi pe bàbá mi ní "ọ̀gá"

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 9 tí a bí síhìn-ín nílùú òyìnbó, gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wí fún bàbá mi pé "Ọ̀gá, báwo ni?" Bàbá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo bi ọmọ náà, ó ní ṣebí ẹni tó juni lọ ló ń jẹ́ ọ̀gá. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Ire.

Èsì: Ìyá Ire, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ire ò jẹ̀bi o. Ìtumọ̀ tó mọ̀ yẹn tọ́, ìlò ló kù.

Iṣẹ́ àti ipò ló ń sọni di ọ̀gá, kì í ṣe ọjọ́ orí. Bí télọ̀ bá kéré sí ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, ìbáà ṣe obìnrin, "ọ̀gá mi" náà ni ọmọṣẹ́ ń pè é. Bí ipò bá ga jù bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀gá àgbà, bíi ti fásitì. Ẹni tó mọ nǹkan ṣe náà ń jẹ́ ẹ: àgbàlagbà lè wí fún ọmọdé pé "Ọ̀gá ni ẹ́ nínú ìṣirò," ẹni tó sì na akẹgbẹ́ rẹ̀ láyò ti fọ̀gá hàn án. "Ṣe ọ̀gá lé mi lórí" nìkan ni kò dùn ún gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí à ń sìn, tàbí ẹni tí a ò mọ orúkọ rẹ̀ lójú títì, là ń pè bẹ́ẹ̀. Tí a bá pe bàbá àgbà ní ọ̀gá, a ti sọ ọ́ di ará ìta. Lérò tèmi, "báwo ni?" yẹn ló tilẹ̀ dun bàbá jù. Ọ̀gá kò dá ọ̀wọ̀ gbé. "Ẹ" ló ń bá a gbé e. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ sà": ọmọṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, báwo ni? O ò pè mí mọ́": ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ nìyẹn, àwàdà ló pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ má bínú, ẹnu bàbá Ire ló ti gbọ́ ọ, lórí fóònù. Nílé tiwa náà, bákan náà ni. Yorùbá tí àwọn ọmọ ìhín ń gbọ́ kò ju èyí tí àwa ẹgbẹ́ ń bá ara wa sọ. Wọn kì í rí ẹni tí àwa fúnra wa ń kúnlẹ̀ fún. Kì í ṣe pé a ò bìkítà, ta ló ráyè nídìí iṣẹ́ òru? Síbẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn jù.

Tí ẹ bá ń pe ìyá ọkọ yín, ẹ tan sípíkà, kí Ire gbọ́ "ẹ káàsán mà" lẹ́nu yín. Kí òun náà tó gba fóònù, ẹ jẹ́ kó wí i lẹ́ẹ̀kan fún yín: orúkọ ẹbí, ìkíni, lẹ́yìn náà "sà". "Bàbá àgbà, ẹ káàsán sà." Ẹ má fòfin de "ọ̀gá" o, èdè òyìnbó ni yóò sá lọ bá. Ẹ má sì bá a ṣàlàyé fún bàbá. Kí ó tún pè, kí ó kí i bó ṣe yẹ.

Bó bá sì bi yín ìdí tí ẹ fi ń pe àbúrò ọkọ yín tí ẹ jù lọ́jọ́ orí ní "bọ̀dá," ẹ ní òun lẹ bá nílé.